Ẹ̀bùn Tí Ọwọ́ Ọmọ Kò Kàn

Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, ẹni tó bá ṣí WhatsApp láàárọ̀ yóò máa bá àwòrán ìyá pàdé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyá tó wé gèlè gàgàrà, ìyá tó jókòó sórí àga ọlọ́lá, ìyá tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán ojú rẹ̀ títí tí aládùúgbò kò fi lè dá a mọ̀ mọ́. Àdúrà ni yóò wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, àdúrà kan náà tí ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn ti fi ránṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó kọ ọ́. Àwọn tó kù kàn ń tari rẹ̀ síwájú ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá tí wọ́n ń kí kò sí lórí WhatsApp rárá. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ó wà lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti kí òun tán.

Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn a máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sanwó fún àwọn tó ń ta ìyàlẹ́nu. Ọlọ́kadà á gbé kéèkì wá, afọnfèrè á tẹ̀ lé e, ẹnì kan á gbé fóònù sókè láti ya fídíò, wọ́n á sì na òdòdó tí wọ́n fi owó náírà ká sí ìyá. Ìyá á pariwo, á jó díẹ̀, á gbàdúrà fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, afọnfèrè ti gba ilé ìyá ẹlòmíràn lọ. Bí màmá bá wá fẹ́ ná owó náà, á kọ́kọ́ jókòó máa tú u kúrò lára igi àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Kì í ṣe owó tí wọ́n ná ló burú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó burú ni pé kò sí ibì kankan tí ọwọ́ ọmọ ti kan ẹ̀bùn náà. Ẹlòmíràn ló po ìyẹ̀fun, ẹlòmíràn ló ká owó, ẹlòmíràn ló fọn fèrè, ẹlòmíràn ló kọ àdúrà. Gbogbo ohun tí ọmọ ṣe kò ju pé ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ọpẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé fún agbaṣẹ́ṣe.

Ẹni tó bá rò pé ìkórìíra ọ̀làjú ló wà nídìí irú ọ̀rọ̀ báyìí, kí ó wo ìtàn ẹni tó dá ọjọ́ náà sílẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ni, Anna Jarvis lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1905. Ní ọjọ́ 10, oṣù Karùn-ún, ọdún 1908, wọ́n ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní ìlú Grafton, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, Jarvis sì fi òdòdó carnation funfun 500 ránṣẹ́ síbẹ̀, nítorí pé òdòdó tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn nìyẹn. Ní 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí i pé kí ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Karùn-ún máa jẹ́ ọjọ́ ìyá jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Jarvis takú pé ọ̀rọ̀ ìyá kan ni kí wọ́n fi kọ orúkọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ ìyá: ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò fi rántí ìyá tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn olódòdó fi fowó lé carnation, tí àwọn tó ń tẹ káàdì àti àwọn tó ń ta súùtì náà sì bá tiwọn wọlé. Obìnrin yìí gbógun tì wọ́n. Ohun tó kórìíra jù ni káàdì tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí. Lójú rẹ̀, ọmọ tó bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ dípò lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ, ọ̀lẹ ni. Ọlọ́pàá tilẹ̀ mú un ní Philadelphia ní 1925, nígbà tó lọ da ìpàdé ẹgbẹ́ kan tó ń fi carnation kówó jọ rú. Kó tó di pé ó kú ní 1948, ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n fagi lé ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú aláìsàn ló kú sí, kò sì bímọ. Ohun tí obìnrin yẹn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bá jà ni àwọn ọmọ Yorùbá rà wálé, tí wọ́n sì fi fèrè kún un.

Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, èyí tí wọ́n mú bọ̀ láti Ìlú Ọba. Nítorí náà, ẹlòmíràn ń kí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sì sí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú méjèèjì. Ní ti bàbá, ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù Kẹfà ni tirẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń rà fún un, bí ẹni pé ìhòòhò ló ti ń rìn láti ọdún tó kọjá.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí nǹkan ti yàtọ̀. Nígbà kan, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ọmọ á ha ọwọ̀ jọ fi ṣe ìgbálẹ̀, á hun ẹní, á ṣe abẹ̀bẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìyá ló ń lọ ra abẹ̀bẹ̀ náà lọ́jà kí tíṣà má baà na ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé ìwà ìrẹ́jẹ ni àwọn ń hù. Lónìí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan a máa kọ̀wé sílé pé kí òbí sanwó káàdì àti ẹ̀bùn tí ọmọ yóò gbé wá fún un ní ọjọ́ ìyá. Ìyá ló ń ra ẹ̀bùn ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kàn bá a gbé e wálé ni.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ẹ̀bùn tí ọmọ ń fi ara rẹ̀ ṣe fún òbí. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti agbègbè rẹ̀, ọmọge tó ń lọ sílé ọkọ kì í jáde nílé láìsun ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn kan ń pè ní rárà ìyàwó. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni yóò fi kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti sun tiwọn ṣáájú. Yóò yọ ohun tí kò bá ti ilé rẹ̀ mu kúrò, yóò fi orúkọ ìyá rẹ̀, oríkì bàbá rẹ̀ àti ohun tí ojú wọn rí kí òun tó dàgbà sí i. Bí ọjọ́ bá pé, yóò kúnlẹ̀ níwájú wọn, yóò fi ohùn ara rẹ̀ dúpẹ́, yóò sì gba àdúrà. Lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ láti ilé mọ̀lẹ́bí kan dé òmíràn. Ohùn rẹ̀ lè máà dùn. Ó lè gbàgbé ibì kan, kí ẹkún tòótọ́ sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti bá a sun ún, nítorí kò sí ẹni tó lè bá a sun ún.

Ẹ wá wo ibi ìdána òde òní. Alága ìjókòó àti alága ìdúró ló ti gba ẹnu gbogbo ilé. Àwọn ló ń kọrin ọpẹ́, àwọn ló ń ròyìn ìyà tó jẹ ìyá ìyàwó, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí ìyá náà rí ṣáájú ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn náà ló sì ń bu owó ìtanràn lé àwọn ará ilé ọkọ. Ìyàwó á jó wọlé, á kúnlẹ̀, á dìde, á mú ohun tó wù ú nínú ẹrù ìdána, á dé fìlà fún ọkọ. Bí wọ́n bá fún un ní gbohùngbohùn, "Ẹ ṣé, mọ́mì, ẹ ṣé, dádì" ló kù tó lè sọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ní ilé ìwé, gbólóhùn méjì. Kì í ṣe ẹ̀bi alága. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀bi ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tó sì lọ háyà ẹnu ẹlòmíràn ni.

Èsì tí àwọn ọmọ máa ń fọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á ní ìyá kì í jẹ lẹ́tà. Wọ́n á ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbówó lórí, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní Manchester tàbí Houston kò ráyè jókòó máa hun abẹ̀bẹ̀, pé owó tí òun ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ibi tí wọ́n ti jàre kò kéré. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tó ní lọ́wọ́, tó wá ń fi ìwé àti bírò bo ahun mọ́lẹ̀, ahun náà ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n owó oúnjẹ àti owó oògùn kì í ṣe ẹ̀bùn, gbèsè ni. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kò sì sí ibi tí òwe yẹn ti sọ pé oore ni ọmọ òkété ṣe. Ẹni tó san gbèsè tán kò tíì dúpẹ́.

Àwáwí pé kò sí àyè tún ní ibi tó ti ń dunni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe jẹun. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn wẹ ìyá oníyàá. Wọ́n ń gbọ́ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, wọ́n mọ orúkọ ajá tó sìn nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì ń kọ ohun tó jẹ àti bó ṣe sùn sílẹ̀ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí fún iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Àmọ́ ẹni tó mọ ìtàn ìyá ará Manchester tán, tí kò mọ ọjà tí ìyá tó bí i kọ́kọ́ ná, kò lè sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí àgbà.

Ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kò ju ìwé ìkọ̀wé kan àti bírò kan lọ. Kí ó pe ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọwọ́ ìyá bá dilẹ̀. Kí ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí ìyá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ta ló sọ ìyá lórúkọ, kí ló sì fà á? Kí ni oríkì rẹ̀, Àdùkẹ́ ni àbí Àbẹ̀kẹ́, ta ló sì fi pè é gbẹ̀yìn? Orílẹ̀ wo ni ti ìyá tó bí ìyá? Èló ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ta ló yá a? Ọbẹ̀ wo ni wọ́n máa ń sè nílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dà sínú epo? Ọmọ wo ló kú láàárín, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè yẹn le, kò yẹ kó ṣáájú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń dé ibẹ̀ nígbà tó bá tó àkókò. Bí ọdún bá fi yípo, ìbéèrè 52 ti wà nílẹ̀. Kí ọmọ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà tí ojú àgbà lè kà, kí ó fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, kí ó fi àńkárá àtijọ́ bò ó, kí ó sì gbé e lé ìyá lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní àwọn kò mọ Yorùbá kọ. Kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe mọ̀. Àmì ohùn tí wọ́n ṣì kọ kò tíì pa ìyá ẹnikẹ́ni. Bí ìyá kò bá sì mọ̀wé, kí ọmọ kà á sí i létí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bùn náà wà. Ìyá tó ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé òfìfo láti ọdún pípẹ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà láti ẹnu ọmọ rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́. Ó lè já ọmọ náà níbì kan pé irọ́ ni, kì í ṣe Ọyìngbò, Agége ni. Kí ọmọ fa ìlà sí i, kí ó tún un kọ. Kò sí ilé ìtajà tó ń ta irú ìwé tí ìyá bá ọmọ jiyàn lé lórí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá rọrùn fún, iṣẹ́ mìíràn wà. Wọ́n ṣì ń kọ́ni ní iṣẹ́ adìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ á fi láfún ro ẹ̀kọ, á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ, á sá a kó gbẹ, á rì í sínú aró, á tún sá a, á tún rì í, kó tó wá ha ẹ̀kọ kúrò. Ọnà tí ọmọ bá yà fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò wọ́. Ibi tó wọ́ yẹn ni ìyá yóò máa fi ọwọ́ tọ́ka sí fún àwọn aládùúgbò. Àfarawé tí ẹ̀rọ tẹ̀ kún ọjà, ìlà rẹ̀ tọ́ gbọọrọ, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè ẹni tó ṣe é.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá bá kú. Wọ́n á gbé e sí mọ́ṣúárì. Wọ́n á tún òrùlé tó ti ń jò lé e lórí láti ọdún mẹ́ta ṣe, wọ́n á kun ilé, wọ́n á dá aṣọ ẹbí, wọ́n á yáwó ra màlúù. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, atẹ̀wé á bèèrè ìtàn ìgbésí ayé olóògbé tí yóò wà nínú ìwé ètò ìsìnkú. Ibẹ̀ ni ilé á ti dàrú. Ọdún wo ni wọ́n bí màmá? Kí lorúkọ ìyá màmá? Àbúrò màmá kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n á máa pè láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun náà kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á kọ ọ́ pé ìyá rere ni, ó fẹ́ràn ọmọ, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n á fi àwòrán ńlá dí àyè tó ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ òde, onílù tí wọ́n háyà á máa fi oríkì Oníkòyí ki ọmọ Olófà. Wọ́n á máa náwó fún un, torí kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti ṣìnà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè, òwe ni wọ́n á fi dáhùn: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe náà kò jẹ̀bi. Ohun tó ń sọ ni pé kí òbí má ti ì dunnú tán, nítorí ọmọ lè ṣáájú rẹ̀ lọ. Kò sọ pé kí wọ́n fi màlúù mẹ́ta sin ẹni tí wọn kò jókòó tì fún wákàtí mẹ́ta. Sísìn ló yẹ kó ṣáájú sísin.

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Ìdí tó fi kọ ọ́ ni pé ó rí i pé àwọn àgbà tó mọ ìtàn ń kú lọ. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tó jẹ́ dókítà ìṣègùn, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ohun tó gba ìtàn náà là ni pé ẹnì kan ti jókòó ti àwọn àgbà, ó sì fọwọ́ kọ ohun tí wọ́n sọ. Ìtàn ọba àti ogun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìtàn obìnrin tó ta elùbọ́ rán ọmọ márùn-ún níwèé kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ìyẹn wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Kò sí ẹni tó ń pa á láṣẹ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ sá fi sílẹ̀ pé kó lọ rán ìwé fún un. Kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rán an fún ẹni tó tọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò.

Àwọn ìjọ tó ń ṣètò ọjọ́ ìyá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Dípò kí wọ́n máa dáwó ra ife àti táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tẹ orúkọ ìjọ sí lára, kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ojú ewé kan wá, tó kọ ohun kan sí tí ìyá rẹ̀ sọ fún un, ohun tí kò mọ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù náà lè ṣe é. Kò sí ẹ̀sìn tí ó tako. Ní ti àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó, kí wọ́n dín orin kù, kí wọ́n gbé gbohùngbohùn fún ìyàwó, kí wọ́n sì sún sẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n má bá a sọ ọ́. Kí onílù fọwọ́ lé ìlù. Kí gbogbo ilé dúró títí ọmọ yóò fi rí ohun tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ.